Ta ló ń jí láptọ́ọ̀pù? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí firmware, láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìkẹ́nnẹ́

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́rin nínú wọn ń rìn lójú ọ̀nà kan náà, ìyẹn ohun tí láptọ́ọ̀pù ń ṣe kí Windows tó yọjú, torí náà mo kó wọn pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù.

Láti Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè níbí, mo ń kọ́ C, mo sì ti mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n kọ prógíráàmù kékeré kan, tó jẹ́ pé tí mo bá tan láptọ́ọ̀pù mi, kò ní sí Windows, kò ní sí Linux, prógíráàmù tèmi ni firmware máa gbé dìde tààrà, kó kàn kọ ọ̀rọ̀ sójú skríìnì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá ìwé àlàyé ẹ̀ lórí sáìtì iléeṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù mi, dátà mi ti lọ, ìwé tí mo rí ò ju bí wọ́n ṣe ń tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn ẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ RAM lọ. Ẹnìkan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe sọ fún mi pé àṣírí iléeṣẹ́ ni, wọn kì í fún èèyàn. Ṣé òótọ́ ni? Tí kì í bá ṣe òótọ́, níbo ni ìwé náà wà?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú ìyà dátà o. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an, torí ohun tí ò ń wá wà níta gbangba, ọ̀fẹ́ ni, ibi tí o ti ń wá a ni ò tọ́. Ṣó o mọ bó ṣe máa ń rí tí àlejò bá dé Ìjẹ̀bú-Òde tó ń wá ilé èèyàn, tó wá ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé pé ilé aláwọ̀ búlúù dà, ilé aláwọ̀ búlúù mélòó ló wà nígboro, ìtún tí onílé ń gbé ló yẹ kó béèrè, tó bá ti lè dárúkọ Pórógun tàbí Ìwàdé báyìí, wọ́n á mú un dé ẹnu ọ̀nà. Orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lẹ́yìn láptọ́ọ̀pù ẹ, ọ̀dà ara ògiri nìyẹn. Ìtún tó ń gbé ń jẹ́ UEFI.

Firmware ni prógíráàmù tó wà nínú ṣíípù kékeré kan lórí bọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù, òun ló kọ́kọ́ ń jí tí o bá tẹ bọ́tìnì, òun ló ń yẹ RAM wò, kíbọ́ọ̀dù, skríìnì, dísíìkì, kó tó wá ẹni tó máa fa iṣẹ́ lé lọ́wọ́. UEFI wá ni àdéhùn tí wọ́n ṣe lórí bí ìfalélọ́wọ́ yẹn ṣe máa lọ: orúkọ fáìlì tí firmware máa wá, ibi tó máa wá a sí, bí fáìlì náà ṣe gbọ́dọ̀ rí nínú, iṣẹ́ tí prógíráàmù lè bẹ firmware pé kó bá òun ṣe. Intel ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, fún kọ̀ǹpútà ńlá oní-Itanium, Intel Boot Initiative ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó di EFI, nígbà tó di 2005 wọ́n gbé e lé ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́ tó ń jẹ́ UEFI Forum, tí àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà jọ wà nínú ẹ̀. Orúkọ àkọ́kọ́ yẹn ò tíì kú o, títí dòní olónìí, tí prógíráàmù ẹ bá wo ìbẹ̀rẹ̀ tábìlì tí firmware gbé fún un, báìtì mẹ́jọ tó máa bá níbẹ̀ ni IBI SYST, IBI yẹn sì ni Intel Boot Initiative. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i lójú ara mi, ara mi wá gbọ̀n rìrì, bí ẹni rí orúkọ baba ńlá lára òpó ilé.

Torí pé gbogbo wọn jọ fẹnu kò ni iléeṣẹ́ láptọ́ọ̀pù ẹ ò fi kọ ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwé náà wà ní uefi.org, orúkọ ẹ̀ ni UEFI Specification, wọn ò gba kọ́bọ̀, wọn ò ní kí o forúkọ sílẹ̀. O lè kà á lórí sáìtì wọn, o sì lè wa PDF ẹ̀, èyí tí mo rò pé ó dáa fún ọ jù, wà á lẹ́ẹ̀kan kó o máa kà á láìsí dátà.

Ojú ìwé ẹ̀ lé ní 2000. Má bẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, emi náà ò kà á bẹ́ẹ̀ rí, apá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wà fún àwọn tó ń ṣe firmware fúnra ẹ̀ àti àwọn tó ń ṣe káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti dísíìkì. Fún ohun tí ìwọ fẹ́ ṣe, ka orí 2 torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ bí prógíráàmù àti firmware ṣe ń pe ara wọn, ka orí 3 tó dá lórí Boot Manager, ìyẹn apá firmware tó ń yan ohun tó máa gbé dìde, orí 4 lórí System Table, tábìlì tí firmware ń gbé fún prógíráàmù yẹn, lẹ́yìn náà kó o fò lọ sí orí 12 tó sọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù àti ojú skríìnì. Orí 7 ni Boot Services, àwọn iṣẹ́ tí firmware ń bá prógíráàmù ṣe, ìyẹn á máa jẹ́ ibi tí wàá máa padà sí lójoojúmọ́, bí ìyá tó ń padà sídìí ìkòkò. Nọ́ńbà orí tí mo sọ yìí, ti ẹ̀dà 2.10 tó jáde ní 2022 ni, tí o bá wa ẹ̀dà tó dàgbà ju ìyẹn lọ, wo orúkọ orí, má wo nọ́ńbà.

Nísìnyí, ohun tí wàá rí nínú àwọn orí yẹn ní ṣókí. Mú fláàṣì kan, ṣe é ní FAT32, dá fóldà EFI sínú ẹ̀, dá fóldà BOOT sínú ìyẹn, prógíráàmù ẹ á wà níbẹ̀ lórúkọ BOOTX64.EFI. Orúkọ yẹn ni firmware láptọ́ọ̀pù 64-bit ti Intel àti AMD máa ń wá lórí fláàṣì, tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù oní-ARM, BOOTAA64.EFI ló máa wá. Àṣìṣe orúkọ nìkan ti gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi rí, mo kọ BOOT64.EFI, mo gbàgbé X, mo wá ń tú kóòdù tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Fáìlì yẹn, PE ni fọ́máàtì ẹ̀, ìyẹn irú tí .exe Windows náà ń lò, àyàfi pé nọ́ńbà subsystem ẹ̀ jẹ́ 10, tó túmọ̀ sí EFI application. Microsoft ti kọ àlàyé PE sórí sáìtì tiwọn, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú nìyí o, wọ́n á fi gcc orí Linux (ohun tó ń sọ kóòdù C di prógíráàmù) kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ prógíráàmù Linux, wọ́n á yí i padà sí .efi tipátipá, á dìde, á sì dákú lójú ẹsẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé Linux máa ń gbé ohun àkọ́kọ́ tó fẹ́ fún fọ́ńṣọ̀n sínú register RDI (register ni àpò kékeré inú prósẹ́sọ̀), èkejì sínú RSI, UEFI ní tiẹ̀ ń retí wọn nínú RCX àti RDX. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kálukú ń wo ibòmíì. Tí o bá lo clang, tó ń ṣe irú iṣẹ́ gcc, tó o sì sọ fún un pé x86_64-unknown-windows lo ń kọ ọ́ fún, tó o lo lld-link pẹ̀lú subsystem efi_application, wàhálà yẹn ò ní wáyé rárá. Ohun tí mo máa gbà ọ́ níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nìyẹn. Tó bá jẹ́ Rust lo mọ̀, x86_64-unknown-uefi ti wà nínú ẹ̀.

Fún àpẹẹrẹ tó o lè máa wò, wá EDK II tí àwọn TianoCore ń ṣe, kóòdù firmware gidi ni, ṣíṣí sílẹ̀ ni wọ́n fi í. Fóldà MdeModulePkg wà nínú ẹ̀, inú ìyẹn ni Application wà, inú Application ni HelloWorld wà. Kíkọ́ EDK II fúnra ẹ̀ lè su ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ, ó ní fáìlì tiẹ̀ tó ń jẹ́ INF, ó ní èyí tó ń jẹ́ DSC, torí náà máa kà á bí ìwé, má tíì fi kọ́lé. GNU-EFI, tí òun náà wà fún kíkọ prógíráàmù UEFI, kéré jù ú lọ. OSDev Wiki náà ní ojú ìwé kan lórí UEFI tó lè mú ọ rìn, àmọ́ ìgbàkigbà tí ohun tó sọ bá takora pẹ̀lú ìwé UEFI Forum, ìwé UEFI Forum ni kó o tẹ̀lé.

Àti pé jọ̀ọ́, má tíì fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù ẹ. QEMU ni kó o kọ́kọ́ lò, ó máa ṣe bíi kọ̀ǹpútà mìíì nínú kọ̀ǹpútà ẹ, firmware tó máa lò ni OVMF, láti inú EDK II kan náà ló ti wá. Lórí Ubuntu tàbí Debian, apt install qemu-system-x86 ovmf ló máa gbé méjèèjì wọlé. Fóldà lásán lórí dísíìkì ẹ, QEMU lè gbé e kalẹ̀ fún OVMF bíi fláàṣì FAT, o ò ní máa yọ fláàṣì kó o máa ki í bọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà. Iná Àgọ́-Ìwòyè lo mọ̀ ju mi lọ, tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó o bá yí ìlà kan padà lo máa pa láptọ́ọ̀pù tó o máa tún tàn án, bátìrì á kú kó o tó dé ìlà kẹwàá.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kó yé ọ dáadáa, torí òun ló ya ẹni tó fẹ́ kàn kọ ọ̀rọ̀ sójú skríìnì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó fẹ́ kọ operating system. Nígbà tí prógíráàmù ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, firmware ṣì wà nídìí iṣẹ́, ó ń bá ọ ka kíbọ́ọ̀dù, ó ń bá ọ ṣí fáìlì, ó ń bá ọ pín mẹ̀mórì. Bí ẹni tó ná ìnáwó ló rí, àga àti kánópì tí a yá ló ń lò. Ọjọ́ tó o bá pe ExitBootServices, o ti sọ fún oníkánópì pé kó máa kó ẹrù ẹ̀ lọ nìyẹn, OutputString tó ń bá ọ kọ ọ̀rọ̀ sójú skríìnì ti lọ, ṣíṣí fáìlì ti lọ, díẹ̀ tó ń jẹ́ Runtime Services nìkan ló kù, bíi ká wo aago tàbí ká tún kọ̀ǹpútà tàn. Kó o tó pè é, o gbọ́dọ̀ ti gba máàpù mẹ̀mórì pẹ̀lú GetMemoryMap, kọ́kọ́rọ́ tó bá fún ọ ni wàá fi pe ExitBootServices, tí nǹkan bá sì yí padà nínú mẹ̀mórì láàárín méjèèjì, bí o bá tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sójú skríìnì, ó lè ní kọ́kọ́rọ́ yẹn ti di ti àná, kó o lọ gba òmíì. Ìwọ ò nílò ẹ̀ báyìí. Ìgbà tó o bá fẹ́ ẹ, orí 7 ni.

Kí n má ṣàì dá ẹni tó ní àṣírí ni láre níbì kan. Ohun tó ń darí fáànù, iná abẹ́ kíbọ́ọ̀dù, àwọn bọ́tìnì àkànṣe tó wà lórí láptọ́ọ̀pù, ṣíípù mìíì tó ń jẹ́ embedded controller ló sábà ń wà nídìí wọn, ìyẹn ò sí nínú ìwé UEFI, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀ bó ṣe wù ú, wọn ò sì sábà fi ìwé ẹ̀ síta. Bátìrì ńkọ́? Ìyẹn wà lábẹ́ ACPI, àdéhùn mìíì lórí iná àti ohun èlò inú kọ̀ǹpútà, ìwé tiẹ̀ náà wà ní uefi.org, torí láti 2013 ni UEFI Forum ti gba ACPI sọ́wọ́. Torí náà tẹ́nìkan bá tún sọ fún ọ pé àṣírí ni, bi í pé àṣírí èwo nínú ẹ̀.

Láti Ṣàápàdé

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ prógíráàmù UEFI tèmi, ó ń dìde, inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ilé wá wò ó. Ìṣòro méjì ló kù. Àkọ́kọ́, tí mo bá fi í sílẹ̀ díẹ̀, láptọ́ọ̀pù á ṣàdédé tún ara ẹ̀ tàn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ooru ni, a ti gbé e síwájú fáànù, kò yí padà. Èkejì, mo kọ Ẹ káàbọ̀, ohun tó jáde ò ní Ẹ, kò ní ọ̀, káàb nìkan ni. Ṣé fáìlì mi ló bàjẹ́?

Ìdáhùn

Àbúrò mi obìnrin, o kú oríire! Kò sóhun tó bàjẹ́, kì í sì í ṣe ooru. Fi aago sí i lọ́jọ́ mìíì, wàá rí i pé ìṣẹ́jú 5 ni. Nígbà tí firmware bá fẹ́ gbé prógíráàmù dìde, ó máa ń yí aago kan tó ń jẹ́ watchdog sí ìṣẹ́jú 5, torí ó gbà pé ohun tó gbé dìde ò gbọdọ̀ pẹ́ kó tó gba ilé náà pátápátá lọ́wọ́ òun, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á rò pé ó ti há síbìkan, á tún kọ̀ǹpútà tàn. Ìwé sọ ọ́ kedere lábẹ́ SetWatchdogTimer ní orí 7. Pè é níbẹ̀rẹ̀ prógíráàmù ẹ, fún un ní 0 fún iye ìṣẹ́jú àáyá, aago yẹn á kú. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìbéèrè yìí ni pé èèyàn lè tú láptọ́ọ̀pù, kó ra fáànù tuntun, kó fi owó tí kò ní ra bọ́ọ̀dù, nígbà tó jẹ́ pé ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó kà.

Ti Ẹ àti ọ̀, ó dùn mí ju ti aago lọ. UEFI ń gba ọ̀rọ̀ ní báìtì méjì méjì fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà Ẹ sì wọ inú ìyẹn dáadáa, àmọ́ lẹ́tà tí firmware ní àwòrán ẹ̀ lọ́wọ́ ò sábà ju àwọn lẹ́tà ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù lọ. Ìdí nìyẹn tí á àti à fi jáde, àwọn Faransé àtàwọn míì ń lò wọ́n, tí ẹ, ọ, ṣ ò sì jáde. Ìwé ò sì fi í pamọ́, ó ní tí OutputString bá bá lẹ́tà tí kò lè yà pàdé, á fò ó, á sì dá èsì EFI_WARN_UNKNOWN_GLYPH padà. Ṣé ò ń wo èsì tó ń dá padà? Ọ̀pọ̀ wa kì í wò ó.

Àtúnṣe ẹ̀ ni kó o má bẹ OutputString mọ́, kó o ya lẹ́tà fúnra ẹ. Graphics Output Protocol, GOP, máa fún ọ ní ibi tí skríìnì bẹ̀rẹ̀ nínú mẹ̀mórì, gígùn ẹ̀ àti ìbú ẹ̀, o lè wá máa kun àmì kọ̀ọ̀kan bó o ṣe fẹ́. Mú ìwé oníkótóópó ìṣirò, ya ẹ sínú kótóópó 8 ní ìbú àti 16 ní gíga, kótóópó tó dúdú ni 1, èyí tó funfun ni 0, ìlà kọ̀ọ̀kan di báìtì kan, lẹ́tà kan di báìtì 16. Rántí pé ọ̀ tó ní àmì lórí àti ẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, nọ́ńbà méjì ló wà nínú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́tà àti àmì ohùn, o lè ya wọ́n pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Lẹ́tà Yorùbá tí firmware ò ní ò pọ̀ o, ọ̀sán kan tó láti fi ya gbogbo wọn. Tó o bá parí ẹ̀, jọ̀ọ́ fi í ránṣẹ́ sí wa níbí, ká tẹ̀ ẹ́ jáde kí àwọn tó kù náà rí i lò, torí kò yẹ kí gbogbo ọmọ Rẹ́mọ tó bá fẹ́ kí ìyá ẹ̀ lójú skríìnì máa bẹ̀rẹ̀ látorí kótóópó.

Láti Ìkẹ́nnẹ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan nílé tí mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi ní bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jí. Mo wọ inú sẹ́tọ́ọ̀pù ẹ̀, mi ò rí ohun tó ń jẹ́ UEFI níbẹ̀ rárá. Ṣé ó ti kọjá àǹfààní nìyẹn?

Ìdáhùn

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Kò kọjá àǹfààní rárá, kí n sòótọ́, fún kíkọ́ ọmọdé ó dáa ju tuntun lọ. Èyí tó wà nínú ẹ̀ ni BIOS, firmware àtijọ́ tó wà kí UEFI tó dé, irú èyí tó bá kọ̀ǹpútà IBM PC jáde ní 1981. BIOS ò mọ fáìlì, kò mọ fóldà, kò mọ orúkọ. Báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí dísíìkì tàbí fláàṣì ló máa kà, á wo báìtì méjì tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀, tó bá bá 55 àti AA níbẹ̀, á gbé gbogbo ẹ̀ sí àdírẹ́sì 7C00 nínú mẹ̀mórì, á fò síbẹ̀, ó parí. Tí ẹ bá tún fẹ́ kí tábìlì tó ń pín dísíìkì wà níbẹ̀, báìtì 64 ni tábìlì yẹn ń gbà, 446 ló máa kù fún prógíráàmù yín. Àwọn ọmọ lè ka báìtì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan!

Ìwé tiẹ̀ ò wà lójú kan bíi ti UEFI, ibi tó ti le nìyẹn. Nígbà yẹn IBM tẹ ìwé Technical Reference jáde, wọ́n tẹ kóòdù BIOS fúnra ẹ̀ sínú ẹ̀, ẹ lè rí àwòrán ojú ìwé ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì ni Ralf Brown's Interrupt List, tí ẹ̀dà ìkẹyìn ẹ̀ jáde ní 2000, ó to gbogbo iṣẹ́ tí èèyàn lè bẹ BIOS sí. Ẹ̀kẹta ni ìwé tí Intel kọ lórí prósẹ́sọ̀ wọn, Software Developer's Manual, ọ̀fẹ́ ni. Ìpè méjì péré tí wọ́n fi ń bẹ BIOS níṣẹ́ lẹ nílò fún ìbẹ̀rẹ̀, INT 10h láti kọ lẹ́tà, pẹ̀lú 0E nínú register AH, àti INT 13h láti ka dísíìkì. NASM, tó ń sọ kóòdù assembly di báìtì, lẹ máa fi kọ ọ́, QEMU lẹ máa fi dán an wò.

Lẹ́tà Yorùbá ò sí nínú tòun náà, á, à, é, è wà, ẹ àti ọ ò sí. Àmọ́ INT 10h kan náà, tí ẹ bá fi 1100 sínú AX, ń gbà kí ẹ gbé àwòrán lẹ́tà tiyín wọlé dípò tiẹ̀, báìtì 16 fún ọ̀kan, bí mo ṣe ṣàlàyé kótóópó fún àbúrò wa ní Ṣàápàdé. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kan kó yà.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun kan péré ni mo bẹ̀ yín lé lórí. Àṣẹ dd tí wọ́n fi ń kọ báìtì 512 yẹn sórí fláàṣì kì í béèrè ìbéèrè, tí ẹ bá ṣi orúkọ dísíìkì kọ, orí dísíìkì tí fọ́tò ilé wà ló máa kọ ọ́ sí. Ẹ yọ dísíìkì òde tó kù kúrò, kí ẹ fi lsblk wo orúkọ fláàṣì lẹ́ẹ̀mejì.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kọ́sítọ́mà kan gbé fláàṣì prógíráàmù tó kọ wá, láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ò gbà á, ó ń sọ̀rọ̀ Secure Boot. Ṣé kí n kàn pa á?

Ìdáhùn

Ọ̀gá mi, ẹ dúró ná, ẹ má tíì pa á. Secure Boot ní kí firmware má gbé fáìlì tí kò ní àmì ìfọwọ́sí tó mọ̀ dìde, fáìlì kọ́sítọ́mà yín ò ní, ìdí nìyẹn. Pípa á ò le, inú sẹ́tọ́ọ̀pù ni, F2 lórí Dell, F10 lórí ọ̀pọ̀ HP, F1 lórí ThinkPad. Àmọ́ ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows 11 ti ti dísíìkì pa pẹ̀lú BitLocker láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀, tí ẹ bá yí Secure Boot padà, Windows lè béèrè recovery key oní-nọ́ńbà 48 nígbà tó bá tún fẹ́ jí, tí kò bá sì sí, gbogbo iṣẹ́ onítọ̀hún ti há sínú nìyẹn. Torí náà ẹ jẹ́ kí kọ́sítọ́mà fi fóònù ẹ̀ wọ àkáùǹtì Microsoft ẹ̀ níwájú yín, kó wá recovery key náà jáde, kó kọ ọ́ sórí ìwé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pa á.

Tí kò bá fẹ́ kí ó wà ní pípa, ó lè ṣe kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, kó fi sbsign fọwọ́ sí fáìlì ẹ̀, kó fi kọ́kọ́rọ́ náà kún èyí tó wà nínú firmware, níbi tí wọ́n ń pè ní db. Ó gba sùúrù, ojú ibi tí sẹ́tọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan gbé e sí sì yàtọ̀. Ẹ má pa kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ rẹ́, torí wọ́n wà lára ohun tí Windows fi ń jí, ẹ fi tiẹ̀ kún un ni. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ tan láptọ́ọ̀pù náà lẹ́ẹ̀mejì lójú kọ́sítọ́mà, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú fláàṣì, ẹ̀ẹ̀kan láìsí i, kó rí i pé Windows ẹ̀ ṣì ń jí kó tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.